Ọdẹ, Òde, Ọ̀dẹ̀: ọ̀rọ̀ orúkọ ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ilé ní Àjàṣẹ́

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo ní kí oníkálukú kọ orúkọ ìdílé rẹ̀, èyí tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀, sí ojú ewé kìn-ín-ní, kó sì fi àmì ohùn sí i bó ṣe ń dún lẹ́nu rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà nìyẹn ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin. Èèyàn lè má mọ bí wọ́n ṣe ń kọ "ìjọba" tàbí "abẹ́rẹ́ àjẹsára", ṣùgbọ́n ta ni kò mọ orúkọ ara rẹ̀ pè?

Ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn pátápátá kọ lẹ́tà mẹ́ta, ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. ODE. Mo rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Olùkọ́, ibo ni àmì ń gbé nínú èyí?"

"Ẹ pè é kí n gbọ́, Bàbá."

Ó wojú mi. "Bíi ti ta ni kí n ṣe pè é?"

Kí n tó dáhùn, ìyá tó ń ta àkàsà lọ́jà Wàńdo ti pariwo láti iwájú: "Ọdẹ ni, kí ló tún kù! Ṣebí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyẹn!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò mú bírò.

Ìbéèrè yẹn kò fi mí sílẹ̀ mọ́. Bàbá náà gbà pé kí n kọ ìtàn náà sílẹ̀, ó ní kí n kàn yọ orúkọ àbísọ òun àti ti ọ̀gá òun kúrò. Nínú kíláàsì, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Níbí, "ó" ni màá máa lò kí gbólóhùn má baà lọ́ pọ̀. Kí àgbà tó bá kà á má bínú.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, ìyẹn bí ìwé rẹ̀ ṣe wí. Wọ́n fi "né vers" síwájú ọdún ìbí rẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé tó ń sọ pé ńṣe ni wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀. Kétu ni wọ́n bí i sí. Ó dé Àjàṣẹ́ nígbà tí agbára ṣì wà lára, ó ń ru àpò símẹ́ńtì láti orí ọkọ̀ wọ ilé ìkẹ́rùsí. Nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn ún jù, tó sì jẹ́ pé ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lálẹ́ ti darúgbó, wọ́n ní kó kúkú bọ́ sípò rẹ̀. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyí lẹ́nu iṣẹ́ náà. Aago mẹ́jọ alẹ́ ló ń wọṣẹ́, ìyẹn ló fi ń ráyè wá sọ́dọ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́. Iná tọ́ọ̀ṣì, kóńdó, fèrè àti ajá kan tí etí rẹ̀ òsì ti gé ni ohun ìjà rẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ìdí tí ìyá alákàsà fi pariwo. Ẹni tó ń pa ẹran nígbó ni ọdẹ. Ẹni tó ń ṣọ́ àdúgbò lálẹ́ náà, ọdẹ là ń pè é, nítorí àwọn ọdẹ ìlú ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń gba owó oṣù lé e lórí. Ọdẹ tó ń jẹ́ Ọdẹ, àbí ẹ ò rí i?

Mo lọ jókòó tì í ní alẹ́ ọjọ́ Jimọ̀ kan kí n lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Kí aago mẹ́wàá tó lù, mo ti gbọ́ orúkọ mẹ́ta láti ara lẹ́tà mẹ́ta. "Ọdẹ wa o!" ni àwọn obìnrin tó ń pa ìsọ̀ dé ń sọ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ọ̀gá rẹ̀, ẹni tó jìn nínú èdè Faransé, wá wo géètì kó tó relé, ó ní "Bonsoir, Monsieur Ode", ó fa ohùn náà bí ẹni fẹ́ kọrin. Ó ti là á yé e rí pé lédè àwọn, ode ni ewì tí wọ́n fi ń yin èèyàn tàbí nǹkan. Ẹnì kẹta ni awakọ̀ tó gbé símẹ́ńtì dé lálẹ́ yẹn, tó fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí géètì tó ṣí. Òun pariwo láti orí ọkọ̀: "Ọ̀dẹ̀!" Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀. Kò sí ọmọ ilé ìwé kan tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, wọ́n ti fi bú oníkálukú rí. Nígbà tí bàbá náà yarí, awakọ̀ ní orúkọ tó wà lórí káàdì lòun kàn pè, kó mú ẹ̀rí wá pé òun ṣì í pè.

Ẹ̀rí ò sí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Akọ̀wé tó ń fi èdè Faransé kọ orúkọ Yorùbá ń gbìyànjú dé ààyè kan: Òjó di Odjo, Fáṣínà di Fachina, Àjàyí di Adjayi. Lẹ́tà ń wọlé, ohùn ń dúró síta. Orúkọ gígùn lè fara da ìyẹn, nítorí ẹni tó bá rí Fachina kò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Orúkọ tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta péré kò ní agbára bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá tún wá fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ẹ́, láìsí ìlà kankan lórí E, gbogbo rẹ̀ ti parẹ́.

Ìlànà ìkọ̀wé tí a ń fi kọ́ni ní Benin kò tilẹ̀ jẹ́ kí èèyàn lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. A kì í fi àmì sábẹ́ lẹ́tà bí àwọn ará Nàìjíríà ti ń ṣe. Lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni tiwa, ɔ àti ɛ. A ń kọ kp níbi tí àwọn ti ń kọ p, a ń kọ sh níbi tí àwọn ti ń kọ ṣ. (Ti Nàìjíríà ni mo fi ń kọ èyí, kí àwọn tó wà lódìkejì ààlà lè kà á wọ̀ọ́rọ́wọ́.) Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ bàbá yìí lọ́nà tiwa gbọ́dọ̀ ti pinnu kí bírò tó kan ìwé: ṣé o ni, àbí ɔ?

Ẹ lè ní kí ló dé tí àgbàlagbà kò mọ orúkọ tó ń jẹ́ pè. Ẹ wo inú agbo ilé tiyín náà. Ta ló ń fi orúkọ ìdílé pe èèyàn nínú ilé? Orúkọ àbísọ wà, oríkì wà, bàbá lágbájá wà. "Orúkọ ìwé" ni òun ń pe èyí tó wà lórí káàdì, ilé ìwé ló sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́nu olùkọ́ tó ń pè é bí Faransé ṣe ń pè é. Ọdún mẹ́ta péré ló lò níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ́fíìsì ni orúkọ yẹn ń gbé, òun pẹ̀lú rẹ̀ kì í sábà pàdé.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ. Ní nǹkan bí aago kan òru, nígbà tí oorun bá ń wọ́ ọ nílẹ̀, bàbá yìí máa ń sun ìjálá. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Kétu ló ti kọ́ ọ, ẹni yẹn sì ni ọdẹ gidi, tó ń fi ẹran ẹ̀tù san owó ilé ìwé fún un. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìdílé ìyá ni, kì í ṣe ìdílé bàbá. Ìjálá ni ewì ọdẹ, ti Ògún, tí wọ́n fi ń ki ẹran, tí wọ́n fi ń ki igi, tí wọ́n fi ń ki èèyàn. Bàbá yìí kò ní ẹfọ̀n tàbí àgbọ̀nrín níwájú rẹ̀ ní Wàńdo, ohun tó bá wà ló ń kì. Mo gbọ́ ọ tó ki àgádágodo géètì:

"Àgádágodo, ọmọ irin tí í ká kò sùn,
ẹnu rẹ̀ kéré, gbogbo ọjà ló há sí i lẹ́nu.
Olè wò ó, wò ó, wò ó,
olè ní òun kúkú ń lọ kí àna òun."

Ajá elétí kan gbé orí sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Èmi jókòó, mo ń rò ó. Ọkùnrin kan ń jẹ́ Ode. Iṣẹ́ ọdẹ ló ń ṣe. Ewì ọdẹ, tó fi ń yin irin, ni eré rẹ̀, irú ewì tí ọ̀gá rẹ̀ ń pè ní ode. Ọ̀gá náà kò sì tíì gbọ́ ìjálá yẹn rí nítorí aago mẹ́wàá ló ń relé.

Orúkọ tó bá iṣẹ́ mu ti ń pa àwọn òyìnbó lẹ́rìn-ín tipẹ́. Ní 1994, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan ní ìlú ọba, New Scientist, bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jọ lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un ní orúkọ ńlá kan, nominative determinism, ìyẹn ni pé orúkọ ló ń ti ẹni tó ń jẹ́ ẹ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fẹ́ràn jù ni àwọn dókítà méjì tí wọ́n jọ kọ àpilẹ̀kọ nípa àìsàn ọ̀nà ìtọ̀ sínú British Journal of Urology ní 1977. Splatt ni ọ̀kan ń jẹ́, èkejì ń jẹ́ Weedon. Létí Gẹ̀ẹ́sì, Splatt dún bí omi tó já lu ilẹ̀ tó ta sára ògiri, "wee" sì ni àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń pe ìtọ̀. Ẹ̀yin náà mọ Usain Bolt, ẹni tó sá ọgọ́rùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 9.58 ní Berlin ní 2009: "bolt" wà lára orúkọ tí wọ́n ń pe àrá tó bá sán. Láti 2008 sí 2013, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn adájọ́ ní England àti Wales ni Igor Judge. Adájọ́ ni judge. Wọ́n sì fi oyè dá a lọ́lá, ó wá di Lord Judge.

Mo sọ ìwọ̀nyí fún kíláàsì, àrá tó sáré yẹn nìkan ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín dáadáa. Ìyá alákàsà ní, "Kí ni tuntun níbẹ̀?" Mo rò pé òótọ́ ló sọ. Ilé tí wọ́n ti ń lù ni wọ́n ti ń bí Àyàn. Rábíù Àyándòkun ti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun gbé dùndún dé òkè òkun, kò sì sí Yorùbá kan tó máa sọ pé orúkọ rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Agbẹ́gilére tó ti Ìlá Ọ̀ràngún jáde, tó kú ní 2009, Làmídì Fákẹ́yẹ, Ọlọ́nàdé wà lára orúkọ rẹ̀: ẹni tó ni ọnà ti dé. Iṣẹ́ ọnà ni ìdílé rẹ̀ ń ṣe kí wọ́n tó bí i. Ọ̀jẹ́ fún eléégún, Fá fún babaláwo, Ọdẹ fún ọdẹ. Lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ ló ń bí orúkọ, orúkọ náà á wá máa pe ọmọ padà sídìí iṣẹ́. Ohun tó ń ya òyìnbó lẹ́nu gan-an ni tiwa tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ kíláàsì mi kò ṣe bí mo ṣe rò. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí orúkọ ìdílé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, zém, ìyẹn ọ̀kadà tí wọ́n fi ń gbé èrò, ló ń wà, ó ní yàtọ̀ sí tábìlì, òun ò lu nǹkan kan rí. Obìnrin kan sì wà níbẹ̀ láti ìdílé Àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn padà wá láti Brazil, tí orúkọ Potogí ṣì wà lára wọn ní Àjàṣẹ́ títí dòní. Da Silva ló ń jẹ́, bí ọ̀pọ̀ ìdílé. Pákó ló ń tà. Nígbà tó kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, silva, igbó ni, igi ni. Mo fi pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó sọ fún un. Ó ṣíwọ́ ìwé kíkọ. "Ṣé igbó ni mò ń jẹ́, igbó ni mo tún ń là tà?" Ó rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ó ń sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà.

Orúkọ rẹ̀ ti bá iṣẹ́ rẹ̀ mu láti ọdún pípẹ́. Etí wa ni kò tíì bá a mu.

Nígbà tí ìpàdé ẹbí pe bàbá náà lọ sí Kétu, mo ní kó jẹ́ kí n tẹ̀ lé e. A wọ ọkọ̀ ní Wàńdo, a gba Ṣakété àti Pobẹ̀ kọjá, a sì dé lọ́sàn-án. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò bàbá rẹ̀, ìyá àgbà kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí eyín kù sí i lẹ́nu díẹ̀ àmọ́ tí ọ̀rọ̀ kù sí i lẹ́nu púpọ̀. Èmi kúnlẹ̀. Lẹ́yìn tí a jẹun tán ni ó wá béèrè, wẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni ń béèrè owó iyọ̀: "Ìyá, kí ni orúkọ ìwé wa gan-an? Ṣé Ọdẹ ni?"

"Ọdẹ wo? Bàbá wa kò pa òkété rí."

Ohun tí ìyá àgbà sọ nìyí. Àwọn tó ń ka orí fún owó orí ló wọ agbo ilé lọ́jọ́ kan, nígbà tí a kò tíì bí òun gan-an. Láti 1899 ni Faransé ti gbé owó orí lé àwọn ará Dahomey, bí Benin ṣe ń jẹ́ nígbà náà, lórí, ìlú kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ní ẹkùn Kétu, ọ̀nà wà fún ẹni tó bá fẹ́ sá: ààlà kò jìnnà, Mẹ̀kọ wà lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ló sì sá gba ibẹ̀ nítorí owó orí àti nítorí ogun tí wọ́n ń kó ọ̀dọ́ lọ jà. Bàbá àgbà kò ráyè dé Mẹ̀kọ. Orí àjà ló gùn sí, láàárín àgbàdo. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, baálé ńkọ́? Ó ní, "Ó lọ òde." Akọ̀wé náà kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó ní, orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Obìnrin náà, tó rò pé ohun kan náà ni wọ́n tún ń béèrè, fi ohùn líle sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì: "Mo ní ó lọ òde!" Akọ̀wé kọ ọ́. Owó orí tí wọ́n torí ẹ̀ gun àjà, ó ṣì san án nígbẹ̀yìn, orúkọ òde náà ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Olórí ẹbí kò lè gbọ́ ìyẹn kó dákẹ́. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó gbé ìbọn ṣakabùlà kan jáde, tí ìpẹtà ti jẹ ẹnu rẹ̀. "Ta ló ń tọ́jú ìbọn bí kò ṣe ọdẹ? Ọdẹ ni bàbá wa!"

Ìyá àgbà kò tilẹ̀ wo ìbọn náà. "Ti àna rẹ̀ ni. Ó wá yá àgbàdo, ó fi dúró, kò padà wá gbà á."

Ọmọ ẹbí kan tó jẹ́ olùkọ́ nínú ìjọ Kátólíìkì tún ní kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn, orúkọ gígùn ni, Ọdẹ́-nǹkan-kan, tí akọ̀wé gé kúrú. A ní kó parí rẹ̀ fún wa. Kò rí i parí.

Wọ́n mú ìwé tó dàgbà jù nínú ilé jáde, ìwé ilé ẹjọ́ tí wọ́n fi ṣe ìwé ìbí fún bàbá rẹ̀ lẹ́yìn tó ti dàgbà. Mo tẹ̀ ba lé e lórí pẹ̀lú ìrètí. "ODE fils de ODE." Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, lẹ́tà ńlá, kò sí ìlà kan lórí ohunkóhun.

Tí wọ́n bá ní kí n dá ẹjọ́ náà, ẹ̀yìn ìyá àgbà ni màá wà. Ẹni tó ní ìbọn nínú ilé kì í jókòó hun ìtàn pé orí àjà ni bàbá òun sá sí. Ó sì ki oríkì orílẹ̀ wọn fún wa lọ́sàn-án yẹn, gígùn, iṣu wà níbẹ̀, ọ̀pẹ wà níbẹ̀, n kò gbọ́ ẹran ìgbẹ́ kan ṣoṣo. Síbẹ̀ mi ò fọwọ́ sọ̀yà. Ìtàn náà dùn jù, mo sì ti gbọ́ ẹ̀dà rẹ̀ nípa orúkọ mìíràn ní Ṣakété.

Nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà, bàbá náà kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Pobẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó wá di èyí tí dírẹ́bà ń bojú wẹ̀yìn. "Olùkọ́, àṣé orí àjà ni bàbá mi àgbà wà. Èmi wá ń gba owó oṣù láti máa tan tọ́ọ̀ṣì wo orí àjà."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Nígbà tó ń ru símẹ́ńtì, kò sẹ́ni tó pè é ní Ọdẹ, káàdì kan náà ló sì ń gbé sápò. Ọjọ́ tó mú tọ́ọ̀ṣì ni orúkọ rẹ̀ gba àmì. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fi àmì sórí rẹ̀, àwa tí a ń wò ó ló mú bírò. Awakọ̀ tí inú ń bí fi àmì tirẹ̀ sí i. Ọ̀gá tó gbọ́ Faransé kò rí ìdí láti fi àmì kankan sí i.

Àwọn òyìnbó náà ti bá ara wọn ṣe irú àríyànjiyàn yìí. Ní 2002, àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Pelham àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kà á nínú ìwé àwọn oníṣègùn eyín pé 482 ló ń jẹ́ Dennis, nígbà tí àwọn tó ń jẹ́ Walter jẹ́ 257, Jerry sì jẹ́ 270, bẹ́ẹ̀ àwọn orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò fi bẹ́ẹ̀ jura wọn lọ láàárín ìlú. Wọ́n ní nítorí pé Dennis àti "dentist" jọra létí ni. Ní 2011, onímọ̀ mìíràn, Uri Simonsohn, tú u wò, ó rí i pé Dennis pọ̀ láàárín àwọn lọ́yà pẹ̀lú. Ọjọ́ orí wà nínú ọ̀rọ̀ náà: àwọn tó ń jẹ́ Walter dàgbà jù wọ́n lọ, ọ̀pọ̀ wọn á ti fẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ Simonsohn yẹn nítorí ohun tó ṣe ni ohun tí ìyá alákàsà kò ṣe: ó wo àwọn tí kò bá a mu. Nínú kíláàsì mi, èèyàn mọ́kàndínlógún ló kọ orúkọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló pa wá lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Mo ti fẹ́ pa ìwé dé níbẹ̀, bàbá náà ló tún bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bi í pé, ṣé orúkọ kò lọ́wọ́ nínú bó ṣe débi iṣẹ́ náà rárá? Ó ronú. Ó ní ẹni tó darúgbó lẹ́nu iṣẹ́ náà, òun ló tọ́ka sí òun fún ọ̀gá. Ohun tó sọ ni pé, "Ṣebí Ọdẹ lo ń jẹ́, wá gba iṣẹ́ ẹ." Àwọn mìíràn wà tí ẹ̀yìn ń dùn. Ìjálá náà sì rèé: láti ọdún tó ti kúrò ní Kétu, kò sun ún mọ́. Ìgbà tí àwọn obìnrin ọjà ń pè é ní Ọdẹ lójoojúmọ́ ló rántí ohùn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Tí ìtàn ìyá àgbà bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé orúkọ tí wọ́n ṣì kọ, tí wọ́n sì tún ṣì pè, ló tì í dé ìdí géètì. Mi ò mọ ibi tí New Scientist máa fi ìyẹn sí.

Ní ìparí sáà, oníkálukú kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Ìyá alákàsà na ọrùn wò ó. Bàbá náà kọ Ɔdɛ, lẹ́tà ńlá kan, kéékèèké méjì, kò fi àmì kankan sórí wọn nítorí ohùn àárín kò nílò rẹ̀. Ó mọ ìyẹn báyìí. Mo ní, "Bàbá, ti ìyá àgbà ńkọ́?" Ó ní ìyá àgbà kò sí lórí iṣẹ́ lálẹ́.

Ó tún ya ewé kan láti ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣí ìsọ̀ ní ọ̀nà Àjàrá, níbi tí yóò ti máa yá àwọn èèyàn ní àga àti àtíbàbà fún ìnáwó, ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà. Ọmọ náà fẹ́ kí orúkọ ìdílé wà lára pátákó, àmọ́ ó ti búra pé òun ò ní jẹ́ Ọdẹ níwájú àwọn oníbàárà, bí òde bá wà ní ìlú ni òun ń jẹun. Ẹni tó ń kọ pátákó náà sì ti kọ ọ́ ní ODE lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kó pa á rẹ́.

Bàbá náà kọ ọ́ sí ewé yẹn kó lè fi rán an. O ni, kì í ṣe ɔ. E ni, kì í ṣe ɛ. Lẹ́yìn náà ló fa ìlà kan, láti òkè sọ̀ kalẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, sórí lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó gbé e súnmọ́ iná, ó wò ó, ó tún tẹ bírò mọ́ ọn kó lè hàn.